Ẹnu Tó Pe Ìyá Ọkọ Ní Àjẹ́

Ahọ́n la fẹ́ bá wí lónìí, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun. Ẹni tó bá fi ohun tí kò rí kan ọmọnìkejì, bùhùtáánù ló dá, iná ló ń fọwọ́ bọ̀. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń wo ara yín lójú un, ẹ gbọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rẹ́rìn-ín, tiyín ń bọ̀.

Obìnrin kan wà lọ́nà Ìsẹ́yìn, Kúbúrátù lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kú. Ibà ló pa ọmọ, àmọ́ ó ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù. Ló bá lọ síbi ẹ̀rọ omi àdúgbò láàárọ̀, ó nàka sí Sìnótù, ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní àjẹ́ ni, òun ló pa ọmọ òun jẹ. Ọkọ ńkọ́? Ó dákẹ́ lójú ìyá tó bí i. Ṣebí mo ní tiyín ń bọ̀?

Ìyá náà pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Adájọ́ bi Kúbúrátù pé kí ló rí. Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀. Adájọ́ ní òun ò bi gbogbo ayé. Wọ́n ní kó padà síbi ẹ̀rọ omi náà, kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó lọ lóòótọ́. Ó ní irọ́ lòun pa, ó sì ṣẹ́jú sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó jẹ oúnjẹ ìyá yẹn mọ́ títí tó fi kú. Ìkà ni wá o, àwa èèyàn.

Ọdún gorí ọdún. Àfúsátù, àkọ́bí Kúbúrátù, rí ọkọ gidi, ó ku díẹ̀ kí wọ́n so yìgì. Àwọn ará ilé ọkọ ṣèwádìí, bí a ti ń ṣe. Wọ́n gbọ́ pé àjẹ́ ni ìyá bàbá rẹ̀, pé ìyá ọmọ gan-an ló sọ ọ́. Ẹ sáà mọ̀ pé àwọn èèyàn wa gbà pé ó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́.

Kúbúrátù sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá àfẹ́sọ́nà Àfúsátù, ó ń sunkún pé irọ́ lòun pa mọ́ ìyá náà. Bàbá wò ó.

“Ìyá Àfúsátù, bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí nígbà tí kóòtù fún yín lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ ọkọ ọmọ yín ló ń fún yín lọ́rùn báyìí. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò fipá gbà lẹ́nu yín làwa gbà gbọ́.”

Ta ni kó wá bẹ̀? Ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì, ẹni tí a ṣẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń forí jini, Sìnótù sì ti wà nínú sàréè.

Àfúsátù ṣì wà nílé ìyá rẹ̀. Tó bá gbé korobá dé ibi ẹ̀rọ omi yẹn, àwọn ọlọ́mọ a fa ọmọ wọn mọ́ra. Bẹ́ẹ̀, kò ṣẹ ẹnì kankan.

Ọlọ́hun, èyí tí a ti sọ, fún wa láyà ká lọ bẹ ẹni tí a sọ ọ́ sí nígbà tó ṣì lè gbọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ahọ́n wa pa ọmọ wa jẹ. Àmín.