Ẹyin Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Ọbẹ̀ Ẹ̀wà Rusanka

Ẹ̀yin obìnrin Brezovdol, ẹ̀yin tí a jọ ń kọrin, ẹ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ nínú mi, òní ni mo máa tú u síta. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Bí lẹ́tà mi bá wọ́, ẹ fojú tọ́ ọ. Èmi Zafirka, olóhùn iyọ̀ yín, olè ni mí. Olè ẹyin. Inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́, kí Ọlọ́run má bínú.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé jẹjẹrẹ mú ẹ̀gbọ́n mi Rusanka lọ́fun, ní ọdún tí yìnyín wó òrùlé ilé ẹ̀kọ́. Ìtànṣán ni àwọn dókítà fi tọ́jú rẹ̀. Láràárọ̀ la ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, wọ́n á fi ìbòjú oníke kan, tí wọ́n mọ bá ojú rẹ̀ gẹ́lẹ́, de orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí iná àìrí yẹn má bàa ṣìnà. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, Milkana, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti kọ́ àwọn aláìsàn ní ohun tí wọ́n máa jẹ. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, ọ̀fun wọn máa tó degbò o. Oúnjẹ rírọ̀ ni kí ẹ máa fún wọn, kó má gbóná, kó má ta, kó má kan. Ẹyin tó jinná dáadáa, wàrà, bọ́tà, ẹran lílọ̀. Bí wọ́n bá rù, ìbòjú á tú lójú wọn, iná á máa bọ́ síbi tí kò yẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rù o."

Àṣé ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ti dé, tí ẹran, ẹyin àti wàrà di èèwọ̀ fún wa. Ẹ ṣáà mọ Rusanka: kò fẹnu kan ẹyin tàbí wàrà nínú ààwẹ̀ rí. Àlùfáà Vlasi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé, ó ní aláìsàn kì í gbààwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó tẹsẹ̀-torí. "Bàbá Àlùfáà, lọ́jọ́ tí wọ́n rì yín bọmi, èmi ni mo gbé yín dání, ẹ sì tọ̀ sí mi lára. Ẹ má kọ́ mi láàwẹ̀." Mo bẹ̀ ẹ́ títí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyin kan péré." "Zafirka, orin ni Ọlọ́run fún ọ, kò fún ọ lọ́gbọ́n. Gbé ẹ̀wà mi wá." Ẹ̀wà inú omi lásán! Kò pẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọnú, ìbòjú bẹ̀rẹ̀ sí í mì lójú rẹ̀ bí ìdérí tó tóbi ju ìkòkò lọ. Milkana wo ìbòjú tó ń mì, ó wá wò mí. Ìwò yẹn ló sọ mí dolè.

Mo ti rí i pé iná náà gba adùn lẹ́nu rẹ̀. Iyọ̀ o, ṣúgà o, ó ní bí ẹní ń jẹ páálí ni. Mo bá yọ́ lọ síbi tó ń kó ẹyin jọ sí, èyí tí a máa rẹ láró pupa de Àjíǹde. Mo lọ ẹ̀wà kúnná, mo lu ẹyin sí i, mo rò ó títí ó fi jinná, mo fi bọ́tà sí i, mo wá fi ewé olóòórùn bò ó lójú. Bí mo bá fẹ́ fọ́ ẹyin, màá gbé orin sókè, kó má bàa gbọ́ ìró èèpo. "Zafirka, kí ló ń dùn mọ́ ọ tó báyìí nínú ààwẹ̀?" "Ẹ̀wà yín ni mò ń kọrin kì, ẹ̀gbọ́n mi!" Ó jẹ ẹ́, ara rẹ̀ gbà á, ìbòjú dúró gbọn-in lójú rẹ̀ títí ìtọ́jú fi parí. Milkana pàtẹ́wọ́ fún mi! Ẹ jẹ́ n yangàn díẹ̀: àwọn adìyẹ mọ ẹyin í yé, èmi mọ̀ ọ́n fi pamọ́. Nígbà tí ọjọ́ aró dé tí ẹyin ò pé, Rusanka nàka sí adìyẹ dúdú. "Ọ̀lẹ! Ìwọ lo ń jẹ àgbàdo mi lásán." Ó pa á ní ọjọ́ Àjíǹde, mo sì bá a jẹ itan. Dúdú, dárí jì mí.

Èyí kọ́ ló burú jù. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ yá, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ààwẹ̀ àti ẹ̀wà ló wo òun sàn. Gbogbo yín kọjú sí mi. Òtítọ́ ló yẹ kí n sọ, orin ni mo gbé, orin tí mo fi ń bo ìró èèpo:

Ẹ̀wà ló wo Rusanka,
Ẹ̀wà àti àdúrà;
Kò jẹyin, kò mu wàrà,
Ó bọ́ lọ́wọ́ ikú.

Ẹ gbè é, ẹ jó o, ẹ ń kọ ọ́ títí di òní. Ojú ò tì mí; àfi bíi pé mo ti di ọba.

Ní báyìí, ìtànṣán kan náà ni wọ́n ń fi tọ́jú Tinka, aya olóyin, lọ́fun, Lẹ́ńtì sì tún ti dé. Mo gbé wàrà dídì lọ fún un, ó yíjú kúrò. "Màmá Zafirka, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ lórin pé Màmá Rusanka ò jẹyin? Ẹ fẹ́ bà mí láàwẹ̀ jẹ́ ni?" Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ, òwú ló fi wé e kó má bàa bọ́. Orin mi ló ń jẹ ẹran ara ọmọbìnrin yẹn.

Láàárọ̀ yìí mo jẹ́wọ́ fún Rusanka. "Ẹyin ta ni?" "Tiyín ni." "Títí kan ọjọ́ Ẹtì Rere?" "Ọjọ́ yẹn gan-an, méjì ni mo fọ́." Ó jókòó pẹ̀ẹ́. "Dúdú ò jẹ̀bi nìyẹn?" "Kò jẹ̀bi." Ó ju ṣíbí lù mí. "Ọmọ ìyá mi lolè!" Mo rò pé ó ti parí láàárín wa. Ó wá dìde, ó lọ sílé adìyẹ fúnra rẹ̀, ó kó ẹyin gbígbóná bọ̀ nínú gèlè. "Gbà, fọ́ wọn. Má kọrin o. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin tí mo fi orin tàn. N kò tọrọ àforíjì lórí ẹyin o. Bó bá tún di ọ̀la, màá tún jí i. Ẹ̀yin ọmọdébìnrin, bí ẹ bá gba èèyàn là, ẹ wí ohun tí ẹ fi gbà á là, torí ẹlòmíràn ń bẹ lẹ́yìn tó ń wo ẹsẹ̀ yín rìn. Báyìí ni kí ẹ máa kọ ọ́ láti òní lọ:

Ẹyin ló wà nínú ẹ̀wà,
Bọ́tà ló bá ẹyin lọ;
Zafirka ló jí i kó,
Ẹ má bá adìyẹ wí.

Tinka, èmi àti Rusanka ti wà lójú ọ̀nà ilé rẹ. Ó ní òun ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ náà wò lójú rẹ, nínú ààwẹ̀, kí ẹ̀ṣẹ̀ náà lè jẹ́ ti wa. Ṣílẹ̀kùn. Ọbẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ní jó ọ lọ́fun.