Omi Kànga Kìíní Ni Mo Rọ Sínú Ìgò Ìkẹrin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ọkọ mi gan-an ò mọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sunday tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mọ́ra mọ́. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló gbé mi dé Port Harcourt, mi ò sì padà sílé mọ́. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Woji, tí wọ́n ti ń yẹ omi wò, ni mo wà. Díákónì kan nínú ìjọ wa ló ni ín, Yorùbá bíi tèmi. Bùọ̀dá Dépò la máa ń pè é.

Ibì kan wà, ìrìn wákàtí márùn-ún sí Port Harcourt, tí wọ́n ti wa èédú nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n wà á tán, wọ́n dí ihò náà, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n gbin koríko sí i. Àwa ni wọ́n gbé iṣẹ́ omi fún. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo máa ń lọ bu omi odò, tí màá tún fa omi nínú kànga mẹ́rin tí wọ́n gbẹ́ fún àyẹ̀wò. Kànga tóóró ni, páìpù ló wà nínú rẹ̀. Èèyàn á kọ́kọ́ fa omi tó ti dúró pẹ́ dànù, kó tó bu tuntun sínú ìgò.

Kànga kìíní wà lókè, lẹ́bàá títì, omi rẹ̀ mọ́ lóló. Ìkẹrin wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítòsí kànga tí àwọn ará abúlé ti ń pọnmi. Omi ìkẹrin pọ́n bí irin tó dípẹtà, ó sì kan. Torí rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ èédú ṣe ń fi tánkà gbé omi wá fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, oyún oṣù méje wà nínú mi. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Màmá Ngozi, ìyá kan tó ń ta iṣu sísun lẹ́bàá títì níbẹ̀, dì mí lọ́wọ́ mú. Pidgin la jọ máa ń sọ. Ó ní kí n má gbé oyún sọ̀kalẹ̀ níbi tó ń yọ̀ yẹn, kí n jókòó sórí àpótí òun. Ó fún mi níṣu, ó kọ̀, kò gbowó. Mo jókòó, mo jẹun.

Nígbà tí mo dìde, ìdí kànga kìíní ni mo padà sí. Omi rẹ̀ ni mo rọ sínú ìgò tí mo kọ “ìkẹrin” sí lára. Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Mo ní tí mo bá bímọ tán, màá padà wá tún un ṣe. Irọ́ ni. Ó rẹ̀ mí, mo sì fẹ́ tètè délé.

Èsì jáde pé omi ti dára. Wọ́n dá tánkà dúró, wọ́n sì fòpin sí àyẹ̀wò.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n ní kí n lọ ya fọ́tò koríko. Koríko hù, ó lẹ́wà. Màmá Ngozi rí mi, ó dì mọ́ mi, ó ń béèrè ọmọ. Ó ń fọṣọ lọ́wọ́, ọṣẹ ò hó. Bàsíà rẹ̀ ti pọ́n látìsàlẹ̀ dókè. Ó ní ara ń yún àwọn ọmọdé abúlé. Mo bi í pé ṣé omi yẹn náà ni wọ́n ń mu. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣebí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó rẹ́rìn-ín sí mi: “Na you test am, my pikin.”

Bí mo ṣe dé Port Harcourt, ọ́fíìsì Bùọ̀dá Dépò ni mo gbà lọ. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé á lé mi ni. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ.

“Mo ti rí i lọ́jọ́ tí èsì dé. Àbí o rò pé mi ò mọ nọ́ńbà kà ni? Kànga méjì á wá jọra bí ìbejì? Dìde jàre. Orúkọ ẹ ló wà lórí fọ́ọ̀mù.”

Ó mọ̀! Ọdún méjì gbáko! Ọkùnrin tó ń gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní gbogbo ọjọ́ Sunday láti gbàdúrà fún wa. Mo fẹ́ bú u, àmọ́ ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bú u? Omi inú ọ̀rá ni mò ń rà nílé wa ní Eliozu láti po oúnjẹ ọmọ tèmi. Ara mi ni mò ń bínú sí jù. Ó ní tí mo bá sọ̀rọ̀ síta, èmi nìkan ni màá lọ jẹ́jọ́. Mo dìde, mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ Sunday, Màmá Ngozi pè mí. Ngozi, ọmọ rẹ̀, ti bímọ, ó sì gbé ọmọ wálé. Ó ní awọ ara ọmọ tuntun náà ń pọ́n, kí n sọ òótọ́ fún òun, ṣé òun lè máa fi omi yẹn wẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má lò ó. Mo ní kí wọ́n má mu ún pẹ̀lú.

Ó wá ní, “Since when you don know?”

Mo pa fóònù. Mi ò tíì tàn án títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀nà, ta ni mo lè gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá tí kò ní jẹ́ pé Bùọ̀dá Dépò ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè? Báwo ni tánkà ṣe máa padà síbẹ̀? Bí wọ́n bá máa tì mí mọ́lé, kí wọ́n tì mí. Ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ gbàdúrà, mo ti gbà á tó. Lálẹ́ òní màá tan fóònù, ó sì máa pè. Ẹ bá mi sọ ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ìyá àgbà pé ọdún méjì ni?