Ìdáhùn tí Mo Fún Àwọn Ará Ìdòfin

Ẹ̀yin ará Ìlọfà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ikú tó pa ẹnu mi dé. Èmi Susanna, tí ẹ ń pè ní ìyá rere, èmi ni mo ba ayé Princess ọmọ Olóyèdé jẹ́.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ọmọ mi, Ẹ̀bùnolúwa, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ọsirélíà, pè mí lórí fóònù. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní, “Màmá, a ti rí baba ńlá ọkọ mi nínú ìwé! Àgùntàn méjì ló jí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Wọ́n dá a lẹ́jọ́, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó òun àtàwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ wá síbí.” Mo kígbe: “Olè! Ẹ sì ń rẹ́rìn-ín?” Ó ní, “Wọ́n ń fi yangàn níbí ni. Ọkọ mi ti kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri pálọ̀. Àwa ńkọ́, Màmá? Ta ni ẹlẹ́wọ̀n tiwa?” Mo ní a kò ní, ilé Olóyèdé ló ni ẹlẹ́wọ̀n. Ó ní, “Princess tí àwọn ará Ìdòfin kọ̀ láti fẹ́ yẹn? Ká ní ibí ló wà ni, wọn ì bá fi bàbá bàbá rẹ̀ yangàn!” Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ mọ ìtàn náà bí a ti ń sọ ọ́. Láyé òyìnbó, kẹ̀kẹ́ akọ̀wé ìjọba sọnù. Inú abà iṣu Ọládiméjì, bàbá Olóyèdé, ni wọ́n ti bá a. Wọ́n gbé Ọládiméjì lọ sẹ́wọ̀n nílẹ̀ Hausa, ibẹ̀ ló kú sí. Olóyèdé ò tíì máa rìn nígbà náà. Láti ìgbà yẹn ni a ti ń pe ilé wọn ní ilé ẹlẹ́wọ̀n.

Bàbá mi, Gideon, alàgbà ìjọ, fi Bíbélì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń kú lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi mọ̀wé. Èmi tí kò mọ̀wé ni ó fún. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó jókòó ní kíláàsì àwọn àgbà tí ìjọ dá sílẹ̀. Nígbà tí mo lè kàwé fúnra mi, mo ṣí Bíbélì náà, mo rí ohun tí Bàbá kọ sẹ́yìn rẹ̀: “Èmi ni mo jí kẹ̀kẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n ń wá a, ẹ̀rù bà mí, mo gbé e sínú abà Ọládiméjì. Olúwa, ṣàánú.” Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo rò pé n kò tíì mọ̀wé kà dáadáa ni. Kí ni mo wá ṣe? Mo fa ojú ewé náà ya, mo tì í sínú iná abẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Háà, èmi Susanna!

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Lọ́dún kejì, obìnrin méjì wá láti Ìdòfin. Ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ Princess, wọ́n sì wá wádìí ilé rẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò, bí a ti í ṣe. Èyí tó dàgbà nínú wọn ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Ṣé kò sí olè, ṣé kò sí wèrè nílé ibẹ̀ yẹn?” Ẹ̀bùnolúwa náà ti ní àfẹ́sọ́nà nígbà náà. Mo rò ó pé bí mo bá sọ òtítọ́, ilé tèmi ni wọn yóò máa sá fún. Mo ní, “Ẹ̀yin náà, ẹ béèrè ibi tí bàbá bàbá rẹ̀ kú sí.” Wọn ò mu omi tí mo gbé fún wọn tán.

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, Princess wá bá mi. Ó gbé orí lé itan mi, ó sunkún. Ó ní, “Màmá, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ mi mọ́ nítorí bàbá bàbá mi. Ta ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún wọn?” Mo fi ìborùn mi nu ojú rẹ̀. Mo ní, “Ayé le, ọmọ mi. Fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ogún ọdún rèé. Títí di òní, bó bá ti oko dé, ó máa ń mú ilá wá fún mi. Kò lọ́kọ, kò bímọ.

Bàbá Olóyèdé, bàbá yín kò jalè. Mo kúnlẹ̀, ẹ dárí jì mí. Princess, n kò lè dá ogún ọdún padà fún ọ. Bí o kò bá lè wojú mi mọ́, o jàre. Mo ti sọ fún pásítọ̀ pé èmi fúnra mi ni n ó ka ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ yìí níwájú ìjọ, kí ẹnikẹ́ni má bá mi kà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ń wádìí ilé ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń dá yín lóhùn. Ilé mi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ olè ni mí.