Òwú Pupa Lábẹ́ Agboòrùn

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ará ilé mi. Ohun tí mo fẹ́ kà lónìí kì í ṣe inú fóònù ni mo ti rí i. Inú èmi fúnra mi ló ti wá, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lásán, ojú Ìyá Àgbà nìkan ti tó láti mú ahọ́n mi wọlé bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń kàwé, kò sẹ́ni tó ń já lu ọ̀rọ̀ mi nínú ilé yìí. Òfin yẹn ni mo fi dẹ́ṣẹ̀. Òun náà ni mo fẹ́ fi jẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ọkọ Àǹtí, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ara wa ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú yín mọ̀nà. Ọwọ́ Bàbá mi ni mo ti kọ́ ìwé, nínú yàrá iwájú yìí tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe. Wọ́n á máa kan ìṣó mọ́ gìgísẹ̀ bàtà, èmi á máa kàwé sí wọn létí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ẹnìkan bá bi mí ní ìbéèrè láàárín ìwé kíkà, ohùn mi á kàn há ni, ó lè di ọjọ́ kejì kó tó jáde. Ni Bàbá bá gbé òfin kalẹ̀: ẹni tó bá ń kàwé wà lórí omi, a kì í sì í pe ẹni tó wà lórí omi, kó má baà ṣubú. Ó di ìgbà tó bá sọ pé "Mo ti gúnlẹ̀" kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Gbogbo ilé á wá dáhùn pé, "Káàbọ̀." Láti ìgbà tí ẹ ti dé lẹ ti ń gbọ́ ọ, bóyá ẹ sì rò pé eré la ń ṣe. Kì í ṣe eré. Nítorí tèmi ni wọ́n ṣe ṣe é. Ìfẹ́ ni.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá àti Àǹtí, ilé-iṣẹ́ agboòrùn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọmọge wọn títí ojú wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Àwọn agboòrùn ńlá etíkun, funfun àti búlúù, tí wọ́n ń rì mọ́ inú iyanrìn kí ènìyàn lè nà gbalaja sábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti rán an tán, wọ́n á dì í sínú páálí, ọkọ̀ á kó o lọ. Ìyá Àgbà kò sì fojú kan òkun rí. "Gbogbo ayé ni mo ṣe ìbòji fún," ni wọ́n máa ń wí, "èmi tìkára mi, orí ni mo fi ń gba oòrùn bọ̀ láti ibi iṣẹ́." Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọgbọ́n kan. Níbi ìṣẹ́po aṣọ, lábẹ́ níbi tí ọ̀gá kò ní bẹ̀rẹ̀ wò, wọ́n á fi òwú pupa gún un lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n wá ń fẹ́ láyé: kí wọ́n jókòó sábẹ́ ọ̀kan nínú wọn létí òkun, kí omi fọ ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n sì fi ìka wá òwú wọn.

Dókítà ti kìlọ̀ fún wa. "Bí Màmá bá máa lọ, kí wọ́n tètè lọ. Orúnkún yìí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni." Àǹtí, nọ́ọ̀sì wa, kò lo ìsinmi ọdún wọn, wọ́n tọ́jú ẹ̀ pa mọ́ fún ìrìn àjò náà. Bàbá ní, "Ọmọ mi ló máa wá ibẹ̀ fún wa. Ta ló tún mọ̀wé kà tó o?" Bí mo ṣe di ojú Ìyá Àgbà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ayọ̀ náà, nítorí ayọ̀ náà wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ mi. Èmi tí n kò kọjá ìyànà tí oníbúrẹ́dì ń jókòó sí, èmi tó jẹ́ pé ìka ni mo fi ń tọ́ka sí búrẹ́dì tí mo fẹ́ rà, mo di ọba nínú fóònù. Kò sí etíkun tí n kò mọ̀. Mo mọ ibi tí iyanrìn ti funfun bí ìyẹ̀fun, mo mọ ibi tó ti pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ìkókó. Mo mọ ibi tí òkun máa ń sá lọ láàárọ̀, tí àwọn ọkọ̀ ojú omi á sì jókòó sórí ilẹ̀ bí bàtà tí wọ́n bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo máa ń kà á fún yín. Nígbà tí mo ka ti etíkun oníyanrìn dúdú tán, Ìyá Àgbà ní, "Dúdú kẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo ti fọ ẹsẹ̀ tán?" Nígbà tí mo ka ti ibi tí àwọn ẹyẹ tí kò lè fò ti ń rìn kiri nínú aṣọ dúdú bí adájọ́, wọ́n ní, "Àwọn yẹn á kọ́kọ́ dájọ́ wa ká tó wọ omi." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ìṣó fi bọ́ lẹ́nu wọn.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Àǹtí gbá mi léjìká. "Adákẹ́, ìwọ náà ń bá wa lọ o. Ṣé ìwọ kọ́ ni ojú Màmá ni?"

 Mo rí pápákọ̀ òfurufú lọ́kàn mi, èrò bí eéṣú, ọ̀gá kan lẹ́yìn gíláàsì tó ń bi mí ní ìbéèrè, tí kò mọ òfin ilé wa. Ìbẹ̀rù yẹn, mo lè fi bẹ̀bẹ̀. Èyí tí n kò lè fi bẹ̀bẹ̀ ni ìkejì: mo rò ó pé bí Ìyá Àgbà bá fi ẹsẹ̀ ara wọn kan òkun, kí ni wọ́n tún máa fi ẹnu mi ṣe? Ẹ ò rí i bí ọkàn ọmọ ènìyàn ṣe rí. Wọ́n fi mí ṣe ojú, mo fẹ́ kí wọ́n fọ́jú títí kí n lè máa jẹ́ ojú lọ.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. Etíkun kan wà tí omi rẹ̀ rọ̀ bí omi inú bàsíà, tó yẹ àgbàlagbà gan-an. Mo kà á sí yín létí pé omi rẹ̀ máa ń fa ènìyàn lọ. Ohùn mi gbọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi kejì ga bí òkè, kò sì sí àtẹ̀gùn kankan níbẹ̀. Ohùn mi kò gbọ̀n mọ́. Irọ́ àkọ́kọ́ ló ń wá ọ̀nà, ìkejì ti mọ̀nà ilé. Àǹtí ta kìjí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Àmọ́ ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa sọ pé ibẹ̀ tẹ́jú—" Bàbá gbé òòlù sókè. "Ẹ má pè é! Ó wà lórí omi."  Bàbá mi, odi tí ẹ mọ yí mi ká kí n má baà ṣubú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń hùwà olè.

Mo wá dé ibi tó burú jù. Ẹ jẹ́ kí n mí.

Mo rí wọn. Etíkun kékeré kan, àwòrán kan tí ẹnìkan kàn yà lásán, agboòrùn funfun àti búlúù tó ti ṣá tò sórí iyanrìn. Lẹ́tà kíkọ kì í bà mí lẹ́rù, nítorí náà mo kọ̀wé sí ọkùnrin tó ni àwọn agboòrùn náà. Ó yí gbogbo wọn wò fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi àwòrán ránṣẹ́: òwú pupa mẹ́ta, bí ibi tí èèrà ti bù jẹ. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ sọ fún ìyá yín pé láti ayé bàbá mi ni wọ́n ti ń bá wa ṣe ìbòji fún àlejò. Kí wọ́n máa bọ̀. Bí ẹsẹ̀ wọn kò bá le, kò sí wàhálà, a ní àga tó ní táyà ràbàtà tó ń gbé ènìyàn wọ inú omi." Mo sunkún ayọ̀. Mo gbé fóònù náà mọ́ àyà.

Lọ́jọ́ ìsinmi, mo jókòó síwájú yín, mo la ẹnu mi yìí, mo pè é ní ìdáhùn ọkùnrin náà, mo kà pé: "Ó dùn mí láti sọ fún yín pé a ti kó gbogbo agboòrùn àtijọ́ náà jọ, a ti dáná sun wọ́n. Kò ku ẹyọ kan." Mo ní, "Mo ti gúnlẹ̀." Ẹ sì dáhùn pé, "Káàbọ̀."

Ìyá Àgbà, ẹ̀yin náà dáhùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín tó máa ń yẹ ìṣẹ́po aṣọ yín wò nígbà gbogbo dúró. Ẹ ní, "Ó dáa. Aṣọ a máa gbó. Kí àǹtí rẹ lọ fi ìsinmi rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn." Ẹ wá nawọ́ sí mi. "O ṣeun, ojú mi. O gbìyànjú." Ì bá sàn kí ẹ gbá mi létí. Ìsinmi yẹn ni Àǹtí lò fún ìgbéyàwó. Ẹ̀yin ọkọ Àǹtí, nínú gbogbo ayé yìí, ẹ̀yin nìkan ni irọ́ mi ṣe lóore.

Láti ìgbà náà, orúnkún ti ṣe bí dókítà ṣe wí. Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí àga yìí ni ìrìn àjò Ìyá Àgbà mọ. Wọn kò béèrè etíkun mọ́. Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní í fojú kan oorun. Èmi lẹlẹ́rìí ẹ̀.

Ọkùnrin tó ni agboòrùn yẹn ló tún kọ̀wé. Ó ní agboòrùn tuntun ti dé, òun sì ti ń kó àwọn àtijọ́ kúrò, ṣùgbọ́n òun yọ ọ̀kan sọ́tọ̀ sínú yàrá òun. "Mi ò lè ju iṣẹ́ ọwọ́ ìyá náà nù. Ṣé wọ́n ṣì ń bọ̀?" Àjèjì tí kò rí wa rí kò lè jù ú nù. Èmi ọmọ ọmọ wọn, ẹnu lásán ni mo fi jó gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, mo dìde. Mo dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Yéè! Ó ń sọ̀rọ̀!" Mo kọjá ìyànà. Mo dé ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà, èrò wà níbẹ̀ bí eéṣú lóòótọ́, ọ̀gá náà sì wà lẹ́yìn gíláàsì, ó bi mí ní ìbéèrè. Ohùn mi há. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, mo wà lórí omi. Mo sì dá a lóhùn. Wọ́n á wá ya àwòrán Ìyá Àgbà fún ìwé náà nínú ilé níbí. Mo lọ bá dókítà. Ó ní, "Jíjókòó létí òkun kì í ṣe iṣẹ́ orúnkún. Ẹ gbé wọn lọ." Àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú á fi àga ẹlẹ́sẹ̀ táyà gbé wọn wọlé. Àǹtí, ìsinmi yín ti tún pé. Ọkọ Àǹtí, takisí yín lè gbé wa dé pápákọ̀. Gbogbo èyí, ẹ má gba ẹnu mi gbọ́. Àǹtí, fóònù náà rèé lórí tábìlì, ẹ fi ojú ara yín kà á.

Ìyá Àgbà mi, àwọn agboòrùn yín kò jó. Irọ́ ni mo pa. Wọ́n ti ń kó wọn kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń dúró dè yín. Bí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín lọ, mo ti ṣe tán, ẹ̀rù kankan kò dá mi dúró mọ́. Bí ẹ bá ní kí n dúró sílé, màá ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn yín pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ò ní nílò ojú mi. Ìka yín á kà á fúnra wọn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má dá mi lóhùn nítorí àṣà lónìí. Òfin yẹn ti bò mí tó. Ẹni tí kò bá tíì lè sọ pé "Káàbọ̀," kó dákẹ́, mo lè dúró.

Mo ti gúnlẹ̀.