Ìkòkò Màámi Tó Fọ̀

Iná lọ, ẹ̀rọ ìlọta tí gbogbo wa dúró tì ní Ìpọ̀nrí dákẹ́, ni mo wá ń gbọ́ ọkùnrin kan tó ń pọn ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tà ní Yábà, tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi, ọtí ò hó mọ́."

"Ṣé o fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò Màámi sí i?"

"Mo ti fọ ìkòkò yẹn. Àlejò ń bọ̀ wá wo ibi iṣẹ́."

"Yéè! Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ló ń mú un hó! Ọwọ́ ìyá Màámi ló ti wá!"

"Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Ẹ ò sì sọ fún mi."

Obìnrin náà ní, "Ǹ bá ti bù díẹ̀ pamọ́."

Ká ní èmi ni wọ́n gbé ìkòkò yẹn fún, kàn-ìn-kàn-ìn ni màá fi ha á.