Mùtàlíbù Kọ́ Ló Jí Káàdì Ọkọ Mi

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ sì fi ẹkún yín pamọ́, nítorí n kò pè yín wá káàánú mi. Dókítà sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọkàn mi ti rẹ̀, pé bí mo bá rí ọdún tuntun, kí n máa dúpẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò ní gbé wọ sàréè. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí ẹ̀yin ará ìjọ wa, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní District Heights níbí, ti ń sọ ọ́ kiri pé Mùtàlíbù jí káàdì Olúrótìmí. Ẹ kò kí i mọ́. Àwọn kan nínú yín ti sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì rí nígbà tí ẹ rí i pé òun ló ń wà á. Irọ́ ni. Èmi Àrínọlá, ìyàwó Olúrótìmí, èmi ni mo gbé e. Ó ti jáde lẹ́nu mi báyìí. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Káàdì tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́. Káàdì béésíbọ́ọ̀lù ni, páálí pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àwòrán agbábọ́ọ̀lù níwájú, ìtàn eré rẹ̀ lẹ́yìn. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fi í sínú ṣingọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọdé. Lọ́dún 2002, ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Anna, ní òpópó wa, kó ẹrù ilé rẹ̀ síta fún títà. Ọkọ mi ní òun ń lọ ra àga. Páálí bàtà kan tó kún fún káàdì ló gbé dé. Ó mú ọ̀kan jáde, ó gbé e sójú oòrùn. “Àrínọlá, ọdún 1955 ni wọ́n tẹ èyí. Ọdún tí wọ́n bí mi gan-an. Wò ó, kò tilẹ̀ ya!” Ẹ ó rò pé ìbejì rẹ̀ tó sọnù ló rí. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé òun máa kó gbogbo káàdì ọdún yẹn jọ, láti nọ́ńbà kìíní dé èyí tó kẹ́yìn, igba ó lé.

Mùtàlíbù, ọmọ Ìbàdàn tó ń wa bọ́ọ̀sì, ló wá di ẹnì kejì rẹ̀ nídìí káàdì náà. Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, aago mẹ́sàn-án kò ní lù kó má tíì dé. Wọ́n á fọ ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì oúnjẹ mi, wọ́n á wá máa to káàdì ní nọ́ńbà-nọ́ńbà. Wọ́n á ti ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ inú àpò ọ̀rá, mẹ́sàn-án lójú ewé kan, nínú álúbọ́ọ̀mù pupa ńlá kan. Èyí tí wọn kò bá tíì rí, wọ́n á fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Mùtàlíbù á ní, “Rótìmí, igun èyí ti kú.” Ọkọ mi á ní, “Kò tíì kú, ara rẹ̀ ni kò yá.” Àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Èmi àti Túndùn ọmọ wa ńkọ́? Orí itan la ti ń gbé àwo oúnjẹ jẹun, nítorí ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ ta sí káàdì.

Mo fara dà á fún ọdún méjì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, wọ́n pè mí wá búra láti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi retí ọjọ́ yẹn. Olúrótìmí ṣèlérí pé òun á wá. Mo gba àsíá kékeré lọ́wọ́ wọn, Túndùn fi àpò rẹ̀ gba àga sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Wọ́n pe orúkọ mi, kò sí níbẹ̀. A ya fọ́tò, kò sí níbẹ̀. Nígbà tó wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ti lọ pàdé ọkùnrin kan ní Baltimore nítorí káàdì kan. “Àrínọlá, wo igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ṣì mú!” Títí mo fi gbé àsíá náà síwájú rẹ̀, kò rántí. Ẹ lè ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ sọ ọ́ lójú mi kí n gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ọjọ́ ìsinmi mi ni. Bí ọkọ mi ṣe lọ síbi iṣẹ́, mo fi aṣọ ìnura wé álúbọ́ọ̀mù pupa náà, mo wakọ̀ lọ sí Accokeek, sọ́dọ̀ Alimat tí a jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ilẹ̀ Alimat fẹ̀, ó dé etí igbó, ó sì ní ilé pákó kan lẹ́yìn tó ń kó irinṣẹ́ sí. Ó ní, “Kí ló wà nínú rẹ̀?” Mo ní, “Nǹkan ọkọ mi ni. Bá mi tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.” Ó ní, “Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ ń jà?” Mo ní, “A ò jà.” Ọ̀sẹ̀ méjì ló wà lọ́kàn mi, Ọlọ́run gbọ́. Mo fẹ́ kí ọkọ mi mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa wá ohun tó fẹ́ràn kó má rí i.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọkọ mi wá álúbọ́ọ̀mù náà lábẹ́ ibùsùn, ó wá a nínú àpótí, ó wá a nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀. Ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn. “Fèrèsé kan ò fọ́. Ilẹ̀kùn ò bàjẹ́. Èmi, ìwọ àti Mùtàlíbù nìkan la ní kọ́kọ́rọ́.” Òótọ́ ni, Mùtàlíbù ló máa ń bá wa wo ilé bí a bá rìnrìn àjò. Ọkọ mi gbójú sókè. “Ìwọ lo wà nílé lánàá. Ṣé o rí i?” Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Sátánì ló lo ahọ́n mi. Mo ronú, mo sì yàn. Mo ní, “Mo rí ọkọ̀ kan tó jọ ti Mùtàlíbù níwájú ilé.” Gbólóhùn kan péré. Òun ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé. Álúbọ́ọ̀mù tí mo gbé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Mùtàlíbù dé pẹ̀lú ayọ̀, ó fa káàdì kan yọ nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ti rí ọ̀kan nínú mẹ́fà tó ṣẹ́ kù. Ọkọ mi kò wò ó. “Níbo ni álúbọ́ọ̀mù mi tó sọnù lọ́jọ́bọ̀ wà?” Mùtàlíbù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó yá, ó ní, “Rótìmí, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà lọ́jọ́bọ̀. Pe ọ̀gá mi.” Ọkọ mi ní, “Ìyàwó mi rí ọkọ̀ rẹ.” Mùtàlíbù kọjú sí mi. “Ìyàwó wa, ọkọ̀ mi lẹ rí? Ṣé ẹ rí ojú mi nínú rẹ̀?” Mo ní omi ń hó lórí iná, mo wọ ilé ìdáná lọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tó ju kọ́kọ́rọ́ ilé wa sórí tábìlì. “Mo fi Kùránì búra, n kò fọwọ́ kàn án.” Ó fi káàdì tó mú wá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́, ó lọ. Kò sí omi kankan lórí iná. Ọkọ mi kò sì pe ọ̀gá kankan.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí yóò bí yín nínú. Olúrótìmí kò ṣí káàdì mọ́. Ní Sátidé, ó ń bá mi lọ sọ́jà, ó ń bá mi gé ẹ̀fọ́, ó ń bi Túndùn léèrè nípa ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó rántí ọjọ́ ìbí mi láìjẹ́ pé mo rán an létí. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, oṣù méjì kọjá. Kí ni n bá tún gbé álúbọ́ọ̀mù wá fún? Mo gba ọkọ mi padà, mo sì gbádùn rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ààbọ̀. N kò ní torí pé mò ń kú lọ kí n purọ́ fún yín pé n kò gbádùn rẹ̀. Lọ́dún 2006, Alimat pè mí pé òrùlé ilé pákó náà ti ń jò. Nígbà tí a tú aṣọ ìnura, àwọn káàdì ti lẹ̀ mọ́ra bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Alimat wò mí. “Àrínọlá, ṣé èyí kọ́ ni wọ́n ní Mùtàlíbù jí?” Mo ní òun ni. “O ò wá ní sọ fún wọn?” Mo ní kó panu mọ́. Ó panu mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò bá mi jẹun mọ́ níbi iṣẹ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2008, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ mi. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ èyí: “Bí Mùtàlíbù bá tọrọ rẹ̀ ni, ǹ bá fún un. Gbogbo rẹ̀. Sọ fún un.” Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, “Bàbá Túndùn, ẹ sinmi.” Lọ́jọ́ kejì ló kú. Mùtàlíbù wá síbi ìsìnkú, ó dúró lóde. Ẹ̀yin kan ní kó kúrò níbẹ̀. Mo rí yín, n kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, kí n tó pè yín, mo pè é wá, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pariwo. Ó bi mí pé, “Ṣé Rótìmí mọ̀ kó tó kú?” Mo ní rárá. Ó ní, “Ẹ lè sọ fún gbogbo ayé pé èmi kì í ṣe olè. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó mọ̀.” Mo ní, “Bọ̀dá Mùtàlíbù, ẹ dárí jì mí.” Ó mú fìlà rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n máa lọ síṣẹ́.”

Túndùn bẹ̀ mí pé, “Mọ́mì, please, ẹ má sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì.” Mo ti sọ ọ́. Ẹ̀yin ìyàwó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bí ọkọ yín bá pa yín tì, ẹ pariwo mọ́ ọn, ẹ da káàdì rẹ̀ síta lójú gbogbo àdúgbò, kí ẹ dúró tì í, kí ẹ ní ẹ̀yin ni. Ẹ má kàn fà á lé ẹlòmíràn lórí. N kò tọrọ àforíjì pé mo fẹ́ kí ọkọ mi máa wo ojú mi. N kò sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín, nítorí gbólóhùn kan tí ẹ kò wádìí lẹ fi sọ ènìyàn di olè. Ọwọ́ Mùtàlíbù ni mo ti tọrọ rẹ̀, kò sì tíì fún mi. Ẹ má ṣe bá mi bẹ̀ ẹ́. Bó bá kọ̀ títí mo fi kú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.