Ẹni Tó Jókòó sórí Àpótí Rẹ̀bẹ́kà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí mi láàárọ̀ yìí, tó sì tún jí mi lọ́jọ́ kan tí mo sùn níbi tí kò yẹ kí n ti sùn. Oorun yẹn gan-an ni ẹ̀rí mi dá lé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kí n má baà fo orúkọ ẹnikẹ́ni, àti kí ohùn mi lè rí nǹkan dì mú. Sítáńdáàdì Tú ni mo kà dé, nítorí náà bí mo bá ń wá ọ̀rọ̀ kiri, ẹ ní sùúrù fún mi.

Ẹ mọ ìyàwó mi, Rẹ̀bẹ́kà. Ìjókòó kẹta lápá ọ̀tún ni tirẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Ẹ̀sítà. Ẹ̀yin lẹ bá mi sin ín. Bùrọ́dà Sámúẹ́lì di ọwọ́ mi mú títí a fi kúrò ní ibojì. Màmá Ẹ̀sítà gbé ògì gbígbóná wá láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò gbàgbé.

Mojísọ́lá ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wa. Akáńtì ló ń kà ní yunifásítì, ní òdìkejì ọ̀sà. Láràárọ̀ ló máa ń wọ bọ́ọ̀sì ní CMS. Bó bá di ọ̀sán, á padà sí ilé wa ní Olówógbowó. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè kọjú sí omi. Bí oòrùn bá rọlẹ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á gbéra láti ojú ọ̀sà, á máa mì lára àjà, á wá dà bíi pé inú omi ni gbogbo wa ń gbé. Ibẹ̀ ni Mojí ti máa ń kàwé. Ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ máa ń jókòó tì í, lórí àpótí kékeré tí mo kàn fún un lọ́dún tí a fẹ́ra wa. Káfíńtà ni mí, ẹ mọ̀.

Rẹ̀bẹ́kà kò mọ̀wé rárá, àtàǹpàkò ló fi ń tẹ̀wé. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí lẹ́kúrà bá kọ́ ọmọ náà, ó gbọ́dọ̀ wá sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Bí kò bá yé e, Rẹ̀bẹ́kà á ní, "Mojí, sọ ọ́ fún mi bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí." Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á tún un sọ. Nígbà tó bá fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ tó le bí òkúta á ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Mò ń gbọ́ wọn láti ibi tí mo ti ń fá igi nísàlẹ̀. Mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe.

Nígbà òjò àkọ́rọ̀ ni Rẹ̀bẹ́kà sùn tí kò jí mọ́. Ìdánwò Mojí ku ọjọ́ mọ́kànlá. Mojí lọ ṣe é. Ó jókòó, ó kọ orúkọ rẹ̀ sórí pépà, kò sì kọ nǹkan mìíràn. Ó ní fèrèsé lòun ń wò títí wọ́n fi gba ìwé lọ́wọ́ òun. Wọ́n ní kó padà wá ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀, pẹ̀lú ìdánwò àṣekágbá. Bí kò bá yege níbẹ̀, kò sí dìgírì, gbogbo ọdún tó ti lò níbẹ̀ á sì gbé.

Ìyọnu mi nìyẹn, ará. Ọmọ tó fẹ́ràn ìwé, ìwé wá di ilé tí kò rí ọ̀nà wọ̀ mọ́. Á ṣí i, á tẹjú mọ́ ojú ìwé kan ṣoṣo láti ìgbà tí oòrùn bá ti wà lórí omi títí tí á fi kúrò níbẹ̀. Ó ní àwọn lẹ́tà náà ń rìn lọ bí èèrà. A gbàdúrà nínú ilé Ọlọ́run yìí. Bàbá Ìjọ gbé ọwọ́ lé e lórí, a gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo rò pé Ọlọ́run kò gbọ́. Mo jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ yẹn lónìí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Àlhájà Ràbíátù gòkè wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, aṣọ ló ń tà, Mùsùlùmí ni. Ìsàlẹ̀ ilé wa ló ń gbé, òun àti Rẹ̀bẹ́kà sì ti jọ ń fa omi nínú kànga kan láti bí ogún ọdún. Ó wo Mojí, ó wo àpótí tó ṣófo.

Ó ní, "Bàbá Mojí, ta ló ń jókòó tì í?"

Mo ní, "Àlhájà, àdúrà là ń gbà."

"Mo gbọ́. Èmi náà ń gbà á, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Ta ló ń jókòó tì í ni mo bi yín."

Láti ọjọ́ tí a ti sin Rẹ̀bẹ́kà, kò sẹ́ni tó jókòó sórí àpótí yẹn. Èmi gan-an, bí mo bá ń kọjá, mo máa ń yà fún un bí ẹni ń yà fún ọmọ tó sùn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ jókòó sórí rẹ̀. Ó kéré fún mi. Eékún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mo wá gbọ́ ẹ̀kọ́."

"Kò lè yé yín."

"Ṣé ó yé ìyá ẹ ni?"

Ó ṣí ìwé. Dipirisíéṣọ̀n ni wọ́n ń pe ohun tó wà níbẹ̀. Ó ní bí ilé iṣẹ́ bá ra ẹ̀rọ tàbí tábìlì, wọ́n á máa dín iye rẹ̀ kù lọ́dọọdún bó ṣe ń gbó. Inú bí mi. Mo ní tábìlì tí mo kàn kí wọ́n tó bí ìwọ Mojí ṣì wà lónìí, ó sì lágbára ju èyí tí wọ́n kàn lánàá lọ. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò rí igi ìrókò rí.

"Bàbá, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwé purọ́."

Ó pa ìwé dé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún odidi ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Á sọ, n ó jiyàn, á pa ìwé dé. Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́.

Ó wá di ọjọ́bọ̀ kan. Ọyẹ́ ti dé, kùrukùru bo ọ̀sà tó fi jẹ́ pé a ò rí òdìkejì mọ́. Ọkọ̀ ojú omi á yọ, á tún wọlé sínú funfun náà, bí orúkọ tí ènìyàn rántí tó sì tún gbàgbé. Ohùn Mojí ń lọ, ó ń lọ, èmi náà bá a lọ. Mo rí Rẹ̀bẹ́kà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ mi ẹsẹ̀ àpótí wò bóyá ó ṣì dúró. Kò wo ojú mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé ó dúró, ẹnu mi wúwo.

Mo ta jí.

"Bàbá, ẹ sùn."

Ojú tì mí. Mo ní, "Má bínú. Kí lo wí? Sọ ọ́ fún mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí."

Ará, mi ò mọ ohun tí mo sọ títí mo fi rí ojú rẹ̀. Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹkún tí ọmọ yẹn kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú, ó sun ún lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo sì jókòó tì í. Nígbà tó ṣe, ó nu imú, ó gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, láìwo ìwé.

Ó ní, "Bàbá, ẹ wo àpótí tí ẹ jókòó lé yìí. Kò sẹ́ni tó bú igi yín. Ohun tó bá ń sìn wá, ara rẹ̀ ló ń ná fún wa, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún ni, kí wọ́n má baà ṣe bíi pé kò rẹ̀ ẹ́."

Mo rántí ọwọ́ Rẹ̀bẹ́kà. Mi ò jiyàn mọ́.

Láti ọjọ́ náà, èèrà kúrò lójú ìwé. Lójoojúmọ́ ni mo ń jókòó síbẹ̀. Nígbà mìíràn mo sùn lóòótọ́, nígbà mìíràn mo kàn dijú kí n lè rí ọ̀nà sọ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ọlọ́run mọ ìyàtọ̀. Mojí náà mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo sìn ín dé CMS. Nígbà tó dé, mo bi í bó ṣe lọ. Ó ní, "Mo kọ gbogbo ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí." Nígbà tí rìsọ́ọ̀tì jáde, ó yege nínú èyí tó kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yege nínú ìyókù. Àlhájà Ràbíátù bú sẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ní, "Ọkọ Rẹ̀bẹ́kà, ẹ̀yin lẹ sùn, ọmọ ló gba dìgírì."

Mo ti ń retí kí Ọlọ́run fi agbára ńlá dáhùn. Oorun àgbà ló fi dáhùn. Ìyàwó mi kò padà, àpótí náà ṣì kéré fún mi, ìmọ́lẹ̀ omi ṣì ń mì lára àjà lọ́sàn-án, èmi nìkan ló sì ń wò ó báyìí, torí Mojí ti ń lọ síbi iṣẹ́. Síbẹ̀ mo ní kí ẹ bá mi yọ̀. Ẹ bá mi fi ògo fún Ẹni tó gbọ́ àdúrà tí mo rò pé kò gbọ́. Bí Bàbá Ìjọ bá ń wàásù, tí ẹ rí i pé mo ti tòògbé, ẹ má wulẹ̀ bá mi wí. Ẹ sún mọ́ mi. Bí mo bá jí, n ó ní kí ẹ sọ ọ́ fún mi.